Owó Ọjà Ń Lọ Sí Ibo? Iṣẹ́ Akápò Ìlú ní Bantẹ̀ àti Savalu

Ní ọjọ́ ọjà, ní Bantẹ̀ tàbí ní Savalu, bí obìnrin kan bá gbé gàrí tàbí iṣu rẹ̀ kalẹ̀, kì í pẹ́ tí agbowó ọjà fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà yóò san owó, yóò sì gba ìwé pélébé kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ju ìwé náà nù lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé pélébé yìí ni ó ń ṣọ́ owó ìlú.

Ta ni ó ń tọ́jú owó náà? Kì í ṣe mẹ́ẹ̀rì. Akápò ìlú ni, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní «receveur-percepteur» ní èdè Faransé. Òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni. A kò dìbò yàn án, mẹ́ẹ̀rì kò sì lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ní Oṣù Kìíní ọdún 1999 ni òfin fi ìṣàkóso ìlú lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Ìlú 77 ni ó wà káàkiri Bẹ̀nẹ̀, Bantẹ̀ àti Savalu sì wà lára wọn. Ìlànà kan wà tí ó ń dáàbò bo owó wọn: ẹni tí ó ń pàṣẹ ìnáwó kò gbọdọ̀ tọ́jú owó, ẹni tí ó ń tọ́jú owó kò gbọdọ̀ pàṣẹ ìnáwó. Mẹ́ẹ̀rì ni ó ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀. Òfin ti ọjọ́ 20 Oṣù Kejìlá ọdún 2021 gbé iṣẹ́ náà fún akọ̀wé àgbà ìlú, «secrétaire exécutif».

Bí àṣẹ ìnáwó bá dé, akápò yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀? Ṣé a ti ṣe iṣẹ́ náà parí? Ṣé ìwé rẹ̀ pé? Bí ọ̀kan bá kù, kò ní sanwó. Èyí kì í ṣe ìkà. Bí owó bá dín lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a ó bi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní akápò fún agbowó ọjà ní ìwé 50, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 fráǹkì. Bí agbowó bá dá ìwé 20 padà ní ìrọ̀lẹ́, a jẹ́ pé ó ta 30. Ó gbọ́dọ̀ mú 3.000 fráǹkì wá. Ṣùgbọ́n bí obìnrin mẹ́wàá bá sanwó láìgba ìwé, 1.000 fráǹkì ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò náà, akápò kò sì ní mọ̀. Kò sí lọ́jà. Ìwé ni ojú rẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Owó tí ó bọ́ yìí ni a bá fi tún òrùlé ọjà ṣe, tàbí kí a fi tún kànga tàbí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ní Pira, ní Gouka, ní Tchetti tàbí ní Doumè.

Ní ayé ìjọba Faransé, ipá ni a fi ń gba owó orí, ará ìlú kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ sí bí a ṣe ń ná an. Ayé ti yí padà. Ẹni tí ó ti mọ̀wé lè béèrè ìwé rẹ̀, kí ó sì ka iye tí ó wà lórí rẹ̀: ṣé ó bá iye tí òun san mu? Bí owó náà bá pọ̀, bí owó ilé ìtajà, kí ó wo orúkọ, ọjọ́ àti iye owó tí a kọ, kí ó sì tọ́jú ìwé náà dáadáa. Bí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí a fi owó ṣe, kí ó lọ jókòó níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Gbangba ni a ń ṣe é.

Akápò ń ṣọ́ owó tí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kí owó tó dé ibẹ̀, ẹni tí ó san án ni olùṣọ́ rẹ̀.