Ta ló bu ọtí sínú ẹmu?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá ti gba orí rédíò kan, ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ ṣáá nídìí ẹmu ní Ìjàgbó: "Ṣé wọn ò ní fi ẹmu náà kún un báyìí?" Ẹ ti mọ ìtàn náà. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní kí ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó 200 mìlílítà kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ariwo sọ, wọ́n sì sún un di ìparí ọdún 2025. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n tún sún un síwájú mọ́.

Bàbá tí mo máa ń ra ẹmu lọ́wọ́ wọn lọ́nà Ọ̀fà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi wọ́n. "Ọmọ mi, èmi ò bu ọtí kankan sí i. Bó ṣe kán láti ara ọ̀pẹ ni mo gbé e wá."

Òótọ́ ni bàbá sọ, wọn ò bu nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó kán láti ara ọ̀pẹ kì í ṣe ọtí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn, èmi náà sì ṣì í fún ọdún púpọ̀: mo rò pé ọtí ti wà nínú igi, pé adẹ́mu kàn ń gbà á jáde ni.

Omi lásán tó dùn ni. Nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, nǹkan bíi 10 sí 12 jẹ́ ṣúgà, irú ṣúgà kan náà tí à ń jù sínú tíì. Kò kan, kò pani. Bí ọmọ ọwọ́ bá lá a ní kété tó kán, kò ní tagọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìwúkàrà ló ń sọ ọ́ di ọtí, ohun kan náà tó ń mú kí búrẹ́dì wú. Ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti jẹ ṣúgà, nǹkan méjì ló ń yọ jáde lára rẹ̀: ọtí, àti afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ẹmu máa hó. Ìyẹn ni pé ìfófòó tí ẹ ń fẹ́ kúrò lẹ́nu igbá, ìwúkàrà ló mí i jáde.

Ta ló wá gbé ìwúkàrà gun ọ̀pẹ? Oyin àti eèrà tó ń wá ṣúgà wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, atẹ́gùn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akèrègbè ni ilé rẹ̀ gan-an. Mo yọjú sínú ti bàbá. Nǹkan funfun kan lẹ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká nínú, bí ìgbà tí ẹ̀kọ gbẹ sára ìkòkò. Omi ni wọ́n fi ń ṣàn án, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní ṣé wọn kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n da epo sínú kànga. "Bí mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ti ọjọ́ kejì á kàn rí gọ̀ọ́ ni. Kò ní hó." Bàbá ò ka ìwé nípa ìwúkàrà rí, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú sí ọrùn akèrègbè yẹn.

Kì í ṣe bàbá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, àwọn tó ń ṣe wáìnì kékeré-kékeré wà, tí wọn kì í ra ìwúkàrà inú pákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà lára èso àjàrà àti nínú ilé ìpọntí wọn ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, àwọn olówó Paris àti London sì ń san owó gọbọi lé e. Ní orílẹ̀-èdè Georgia, ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì, àjọ UNESCO sì kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní ọdún 2013. Mo kà á, mo wo akèrègbè bàbá, inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn pé tiwọn ni aráyé ń yìn.

Kí ló dé tí wáìnì fi ń pẹ́ lọ́dún mẹ́wàá tí ẹmu ò fi lè sùn mọ́jú kó má yí padà? Ìṣirò ṣúgà wà lára ìdí rẹ̀. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà tán, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló ń di ọtí, ìyókù bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣúgà inú àjàrà máa ń tó 20 sí 25 nínú 100, nítorí náà ọtí inú wáìnì lè dé 12 tàbí 13. Ti ẹmu kì í sábà ju 4 tàbí 5 lọ. Kò lágbára tó láti lé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn jìnnà. Àwọn kan ti ń sọ ṣúgà di kíkan láti àárọ̀, bí àwọn tó ń sọ ọtí di fínígà bá sì rí atẹ́gùn díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni ẹmu àti ọtí inú ọ̀rá ti yàtọ̀ síra. Kò sí ìwúkàrà tó lè ṣe ọtí tó tó 40 nínú 100; ọtí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe á ti pa á kó tó débẹ̀. Iná ló ń gbé e débẹ̀: wọ́n á se é, wọ́n á gba ooru rẹ̀, ooru náà á tutù padà di ọtí líle. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹmu kó tó di ògógóró nìyẹn, òun náà sì ni àwọn òyìnbó amúnisìn ń ti èèyàn mọ́lé fún nígbà tí jíìnì tiwọn ń ti ọkọ̀ ojú omi wọlé.

Mo tọ́ ẹmu kan náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ní aago méje àárọ̀, ó dùn, ó rọra ń ta ahọ́n, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Lọ́sàn-án, adùn ti dín kù, ó ń hó, ó sì ti ń gun orí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kan, ojú mi ń ṣẹ́ bí mo ṣe ń gbé e mì. Àwọn àgbà tó jókòó tì mí sì ní ìgbà yẹn gan-an ló tó di ẹmu.

Ẹ̀tàn kan wà tí ìmọ̀ yìí ń tú fó. Àwọn kan máa ń bu omi sí ẹmu, wọ́n á wá fi sákárínì, adùn inú ike, bo omi mọ́lẹ̀. Ìwúkàrà kì í jẹ sákárínì. Nítorí náà, bí ẹmu tí ẹ rà láàárọ̀ bá ṣì ń dùn bí oyin ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bi ẹlẹ́mu yín léèrè ọ̀rọ̀.

Ti inú ìgò ńkọ́? Àwọn olùwádìí ní iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì àti ní NIFOR nítòsí ìlú Benin ti ṣiṣẹ́ lórí ẹmu inú ìgò tipẹ́. Ọgbọ́n tí Louis Pasteur fi gba wáìnì là ní nǹkan bí ọdún 1865 ni wọ́n ń lò: kí wọ́n mú un gbóná díẹ̀ kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ kú. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ó sì ṣeé gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu tèmi, ẹmu tí kò hó mọ́ dà bí ìlù tí wọ́n dá awọ rẹ̀ lu.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 2015, àwọn èèyàn tó mu ògógóró kú ní Òde-Ìrèlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn náà ní ìpínlẹ̀ Rivers, àyẹ̀wò sì tọ́ka sí methanol, májèlé tó ń fọ́ni lójú kó tó pani. Ìjọba fòfin de ògógóró. Ọ̀pọ̀ gbà pé láti inú ẹmu ni májèlé náà ti wá. Ó ṣòro fún mi láti gbà bẹ́ẹ̀: ohun tó ń di methanol pọ̀ lára èèpo àti ẹran èso, ṣùgbọ́n omi ọ̀pẹ kì í ṣe èso. Lójú tèmi, ó jọ ọwọ́ ẹni tó bu nǹkan ilé iṣẹ́ sí ọtí kó lè pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjà ìkọ̀kọ̀ ló yẹ ká ṣọ́ ju orí ọ̀pẹ lọ, òfin tó bá sì lé ọtí wọ ìkọ̀kọ̀ lè jẹ́ kó burú sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹmu bàbá ti tán, ó ku gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo rò pé wọ́n á dà á nù. Wọ́n mi akèrègbè náà lẹ́ẹ̀mejì kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ lè kan ara rẹ̀ yí ká, wọ́n da èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n fi ewé dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún ti ọ̀la.