Owó onírin àtijọ́: kí ẹ tó rà á ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn ará wa kan ti ń ra owó onírin àtijọ́ ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi eBay àti Delcampe, láti tún un tà. Ẹ rántí fránkì 10 àti 25 ti ọdún 1957, tó ní orí àgbọ̀nrín, tí wọ́n kọ Togo sí lára? Irú rẹ̀ ni.

Ìṣirò ni kó ṣáájú o. Yúrò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 656 sẹ́fà. Tí ẹ bá rà á ní yúrò 10, tí ẹ san 8 láti fi gbé e wá, ó ti lé ní 11.800 sẹ́fà. Bí ẹ bá wá tà á ní yúrò 15, kò tó 10.000, onígbàǹjo á sì tún yọ tiẹ̀. Èrè dà?

Ẹ má wo iye tí olùtajà ń pè; iye tí àwọn ẹlòmíì ti san ni kí ẹ wò.

Èyí tó ń dùn wá jù: ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́! Bó ṣe dúdú yẹn ni àwọn tó ń kó o jọ fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá ti ha á lára, owó rẹ̀ já nìyẹn. Bí ẹ bá rí i nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ méjèèjì.