Bọ́gì Náítírò: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀ Kí A Tó Ra Àkọ́kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́

Ká ní ọmọ ìjọ kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ìlaròó pé òun fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ̀bùn náà ni ọkọ̀ ìṣeré ńlá tí a ń fi rẹ́díò darí, èyí tí ó ní ẹ́ńjìnì tòótọ́, tí ó ń rú èéfín, tí ó sì ń sáré bí ọ̀kadà. Inú àwọn ọ̀dọ́ yóò dùn, ìyá yóò dúpẹ́, àlùfáà yóò sì gbàdúrà fún olùfúnni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá dé, níbo ni a óò ti máa rí epo rẹ̀? Inú ilé ta ni a óò tọ́jú epo náà sí? Ta ni yóò tún un ṣe ní ọjọ́ tí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́?

Nínú Ìhìn Rere Lúùkù orí 14, Olúwa wa kọ́ni nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ láìṣírò ohun tí yóò ná an. Irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ń fẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún àwọn òbí, àwọn olùdarí ọ̀dọ́ àti àwọn àlùfáà wa, kí a lè mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́, ewu tí ó wà nínú epo rẹ̀, àti bí a ṣe lè yan èyí tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kí ni bọ́gì náítírò?

Ọkọ̀ ìsáré orí ilẹ̀ eléruku ni bọ́gì. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí a fi ìwọ̀n 1/8 ṣe, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ọkọ̀ ńlá tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó gùn tó ìdajì mítà, ó sì wúwo ju kílò mẹ́ta lọ. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Ẹ́ńjìnì náà kò ju 3.5 cc lọ, nígbà tí ti ọ̀kadà jẹ́ 100 cc tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó ń yí ju ìgbà 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè gbé ọkọ̀ náà sáré tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Lára àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ni Kyosho ti ilẹ̀ Japan, tí ó ń ṣe Inferno, àti Mugen Seiki, tí ó ń ṣe MBX. Hobao ti ilẹ̀ Taiwan náà ń ṣe Hyper.

Ẹni tí ó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì yìí. A máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ náà kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ má baà nọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ìlì wà nínú epo bọ́gì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pọ́lọ́ọ̀gì. Pọ́lọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ a máa ta iná ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá yí. Ti bọ́gì ní wáyà tín-ín-rín kan nínú, tí a ń fi bátìrì mú pọ́n nígbà tí a bá fẹ́ tan ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, a ó yọ bátìrì náà kúrò, epo àti ooru inú ẹ́ńjìnì a sì mú kí wáyà náà máa pọ́n lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sínú rẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ epo ni ó ṣáájú

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ di epo yìí. Àkọ́kọ́ ni nitromethane, èyí tí a fi ń pe ọkọ̀ náà ní náítírò. Ó sábà máa ń wà láàárín 16 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni ọ́ìlì. Ẹ̀kẹta, tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ni methanol. Methanol yìí ni a fẹ́ kí gbogbo òbí fi etí sí.

Methanol jọ ọtí líle lójú, ó sì fẹ́ jọ ọ́ ní òórùn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú, ìwọ̀n síbí ìmumi mélòó kan sì lè pa àgbàlagbà. A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ni ikú dé. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé àrùn àjèjì ni, àwọn mìíràn sì sọ pé òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn nígbẹ̀yìn pé methanol ni ó wọ inú ògógóró tí wọ́n mu.

Ẹ wo bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan olómi nínú ilé wa. Kẹrosíìnì ń bẹ nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, oògùn apakòkòrò ń bẹ nínú ìgò omi. Bí epo bọ́gì bá wọ irú ìgò bẹ́ẹ̀, tí ọmọ kékeré sì rí i, àdánù ńlá ni. Nítorí náà, inú gálọ́ọ̀nù tí ó bá wá nìkan ni kí ó máa wà, kí a sì tì í mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu nínú rẹ̀, kí a má ṣe dúró kí orí fọ́ ọ kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìpalára rẹ̀ lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí a mú gálọ́ọ̀nù náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí iná methanol ní ọ̀sán gangan. Ẹnì kan lè máa jó láìsí pé ẹni tí ó dúró tì í mọ̀.

Ìṣòro kejì ni bí epo náà yóò ṣe dé. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ó gbà kí èrò gbé e sínú ẹrù, nítorí pé ó tètè ń gbiná. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọdún 2021 ni òfin ti kọ̀ pé kí a tà á fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ bí nitromethane inú rẹ̀ bá ju 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí àwọn ẹni ibi lè fi ṣe bọ́ǹbù. Àwa tí a wà ní Yewa sì mọ bí ọ̀rọ̀ epo ṣe rí lẹ́nubodè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Àjọ Aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí ó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tí ó bá gbé gálọ́ọ̀nù olómi àjèjì gba ọ̀nà Ìdìrókò gbọ́dọ̀ múra láti dáhùn ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí yóò ṣe tó lò. Táńkì bọ́gì gba 125 cc, èyí tí ó ń tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin, yóò kún táńkì náà ní nǹkan bí ìgbà 30. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún péré nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bá ń lo wákàtí kan ní gbogbo Sátidé, epo náà kò ní pé oṣù kan ààbọ̀.

Ṣé ti bátìrì kò dára jù?

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe bọ́gì náítírò ni ó ń ṣe irú rẹ̀ kan náà tí ó ń lo bátìrì. Ara rẹ̀, táyà rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, eré rẹ̀ kò sì kéré. Bátìrì oní-14.8 fóòtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh jẹ́ 74 Wh. Òfin ọkọ̀ òfurufú gba bátìrì tí kò bá ju 100 Wh lọ nínú àpò ọwọ́. Èyí túmọ̀ sí pé arìnrìn-àjò lè gbé e wá láti Lọ́ńdọ̀n láìrú òfin. A lè fi jẹnẹrétọ̀ ìjọ tàbí iná oòrùn gba agbára sí i. Òun náà ní ewu tirẹ̀: bí a bá ń gba agbára sí i, kí àgbàlagbà wà nítòsí, kí ó má sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, nítorí bátìrì tí ó bá wú lè gbiná.

Èrò tiwa ni pé ìjọ tí kò bá ní ọ̀nà tí ó dájú tí yóò fi máa rí epo kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú náítírò. Kí olùfúnni fi ti bátìrì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí epo bá wà, tí àgbàlagbà tí ó mọ ẹ́ńjìnì sì wà, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú náítírò pọ̀.

Bí ó bá jẹ́ náítírò ni a fẹ́

Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí owó tó jáde.

Rẹ́díò rẹ̀: kí ó jẹ́ ti 2.4 GHz. Ti àtijọ́, oní-27 MHz, a máa dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn bí ọkọ̀ méjì bá lo ìlà kan náà. Kí ó sì ní ètò tí yóò fa bíréèkì fúnra rẹ̀ bí rẹ́díò bá já. Bọ́gì oníkílò mẹ́ta tí ó ń sáré láìsí ẹni tí ó ń darí rẹ̀ lè ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀.

Títò rẹ̀: àwọn kan wá ní títò tán pẹ̀lú ẹ́ńjìnì àti rẹ́díò. Àwọn mìíràn wá ní túútúú, a ó sì ra ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀. Fún àkọ́kọ́, èyí tí a ti tò tán ni ó rọrùn.

Ẹ̀yà ara rẹ̀: ẹ ra èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà, kí ẹ sì ra pọ́lọ́ọ̀gì, apá tí ó di táyà mú, kílọ́ọ̀ṣì àti fómù fíltà pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ̀ tí ó yára jù tí a kò rí apá rẹ̀ rà kò wúlò ju ọkọ̀ onípákó lọ.

Ohun tí a fi ń tàn án: ẹ́ńjìnì yìí ń fẹ́ bátìrì pọ́lọ́ọ̀gì àti sítátà. Ẹ ka owó wọn mọ́ owó ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù. Ní ibi tí pístìnì bá dé òkè, ó yẹ kí ó le. Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ibi tí ó ti le, pístìnì ti jẹ nìyẹn, owó ẹ́ńjìnì tuntun sì ń dúró de yín. Ẹ wo eyín jíà, kí ẹ sì wò bóyá pẹpẹ abẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀.

Eruku àti ibi tí a óò ti lò ó

Ilẹ̀ pupa wa àti ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ́ńjìnì kékeré. Bí eruku bá gba ẹ̀gbẹ́ fíltà wọlé ní ọjọ́ kan péré, ó lè pa ẹ́ńjìnì tuntun. Lẹ́yìn ìlò, kí a fọ fómù fíltà, kí a gbẹ ẹ́, kí a sì fi ọ́ìlì rẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ táńkì mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú sùúrù, kí epo pọ̀ nínú rẹ̀, kí èéfín sì máa hàn, kí a tó béèrè eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dín epo kù kí ọkọ̀ lè yára yóò rí eré ọjọ́ kan, yóò sì ra ẹ́ńjìnì ní ọjọ́ kejì.

Pápá bọ́ọ̀lù tí ó ṣófo ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ojú títì tí ọ̀kadà ń gbà. Kí àwọn òǹwòran dúró lẹ́yìn ìdènà. Kí a má ṣe tàn án nínú gbọ̀ngàn ìjọ, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn bí ti jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, nítorí náà kí a má ṣe lò ó ní àsìkò ìsìn, tiwa tàbí ti àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ lè rí kọ́

Ní ìdíje àgbáyé ti bọ́gì yìí, wákàtí kan gbáko ni ìdíje àṣekágbá, àwọn ọkọ̀ á sì máa yà gba epo lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ń darí kò lè dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní mẹkáníìkì tí yóò rọ epo ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àṣà mìíràn tún wà: ẹni tí ó bá parí ìpele tirẹ̀ yóò lọ dúró lẹ́bàá pápá láti gbé ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí ó bá dojú dé. Kò gbọdọ̀ jókòó kí ó máa sinmi. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́jọ́ Ìsinmi nìyẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe.

Àwọn tí ó lè kọ́ wọn kò jìnnà. Láti ọdún 1963 ni Comprehensive High School ti wà ní Ayétòrò, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti bá ìwé kíkà rìn. Láti ọdún 1979 ni Federal Polytechnic ti wà ní Ìlaròó. Mẹkáníìkì ọ̀kadà tí ó wà nínú ìjọ yín pẹ̀lú mọ kabúrétọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ pè é kí ọkọ̀ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá bàjẹ́.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago láti òkè òkun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè epo, ẹ̀yà ọkọ̀ àti ẹni tí yóò kọ́ wa kí ẹ tó béèrè bí yóò ṣe sáré tó. Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti gba ẹ̀bùn, àti sùúrù láti tọ́jú rẹ̀. Àmín.