Orí Òpó Tẹlifóònù Ni Wáyà Eléyín Mẹ́ta Ti Wá

Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ ní Alábàtà, Abẹ́òkúta, níbi tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tẹ̀dó sí, tí orin sì dákẹ́ díẹ̀, lè gbọ́ nǹkan tó ń kùn bí oyin nínú sípíkà. Iná mànàmáná ni, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ti yọ́ wọ inú wáyà orin. Olówò a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ra wáyà eléyín mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní balanced, pé yóò lé ariwo lọ. Lóòótọ́, ó ń lé e. Ṣùgbọ́n kí la ṣe é fún gan-an?

Nígbà tí tẹlifóònù dé ní 1876, wáyà kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé ohùn. Inú ilẹ̀ ni iná ń gbà padà. Ariwo ojú ọ̀nà gbogbo, etí olùgbọ́ ló ń já sí. Ní 1881, J. J. Carty, òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ní Boston, Amẹ́ríkà, fi wáyà kejì rọ́pò ilẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Alexander Graham Bell gbàwé àṣẹ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra.

Bí òṣùwọ̀n ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáyà kan gbé orin bó ṣe wà, èkejì gbé e ní ìdàkejì. Ariwo tó bá bà lé wọn lójú ọ̀nà á bà lé méjèèjì bákan náà. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, ẹ̀rọ á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ariwo tó dọ́gba á parẹ́, orin á ṣẹ́kù.

Ilé-iṣẹ́ rédíò jogún ọgbọ́n wáyà méjì yìí, nítorí wáyà tẹlifóònù ló ń gbé ètò wọn láti ìlú dé ìlú. Ilé-iṣẹ́ Cannon wá ṣe XLR, orí eléyín mẹ́ta, fún gbohùngbohùn. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá náà mọ ohùn tó ń gba orí wáyà rìn jìnnà: asọ̀rọ̀mágbèsì tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, tó sì dé Abẹ́òkúta náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti wáyà pupa àti funfun inú ilé wa. Láàárín 1930 sí 1940 ni ilé-iṣẹ́ RCA gbé irú orí rẹ̀ jáde, láti so ẹ̀rọ àwo orin mọ́ rédíò nínú àpótí kan náà. Wáyà kan ló wà nínú rẹ̀; àwọ̀n tó bò ó ló ń dá iná padà, nítorí náà ariwo tó bá wọ àwọ̀n á bá orin pò. Ọ̀nà kúkúrú la ṣe é fún, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbohùngbohùn ti jìnnà sí ampilifáyà ní mítà 30, XLR ni kí ẹ lò. Nínú yàrá, ẹ kọ́kọ́ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ ojú iná kan náà, nítorí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a kì wọ́n sí ló sábà ń fa kíkùn náà. Ẹ ya wáyà orin sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná. Ẹ má gé wáyà ilẹ̀ o, ẹ̀mí ló ń ṣọ́. Pípààrọ̀ orí wáyà nìkan kò sì sọ ọ́ di balanced. Ẹ̀rọ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ná owó oúnjẹ sórí wáyà, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí orin rẹ̀ ń rìn dé.