"Ẹ̀rọ Ìdìbò" àbí "Kọ̀ǹpútà Ìdìbò"?

Olùtumọ̀ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbò lóde òní kò lè ṣe kí ó má lo "ẹ̀rọ ìdìbò". Ó rọrùn láti pè, ó sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu. Síbẹ̀, ó jọ wá lójú pé ó ń fi ohun kan pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní ọdún 2006. Àwọn tí ó ń ta ohun-èlò ìdìbò Nedap níbẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ lásán ni, tí a ṣe fún ìbò nìkan. Àwọn ará ìlú kan kò gbà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi í sínú orúkọ ẹgbẹ́ wọn: "A kò fọkàn tán kọ̀ǹpútà ìdìbò". Wọ́n yọ ẹ̀yà kékeré tí àkójọ àṣẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n fi tiwọn rọ́pò, ohun-èlò náà sì ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì! Wọ́n tún fi hàn pé ó lè gbé ìbò ẹnì kan fún ẹlòmíràn láìsí pé olùdìbò fura. Ní ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ pinnu láti padà sí ìwé àti pẹ́ńsù pupa.

Ìyàtọ̀ náà nìyí: iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ìlọta mọ̀, iṣẹ́ tí ẹni tí ó dé ìdí kọ̀ǹpútà kẹ́yìn bá pa láṣẹ ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ tí ó ń ṣe ìtumọ̀ òfin ìpìlẹ̀ Jámánì dájọ́ pé lílo irú ohun-èlò Nedap nínú ìbò 2005 lòdì sí òfin. Kì í ṣe pé wọ́n rí màgòmágó. Ará ìlú tí kò ní ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè yẹ ìgbésẹ̀ ìbò wò fúnra rẹ̀ ni. "Ààbò" kò gbé èrò yìí. "Ìṣeéyẹ̀wò" ni a dá lábàá.

Nílé wa, a máa ń gbọ́ tí a ń pe BVAS ní "ẹ̀rọ ìdìbò". Àṣìṣe gidi ni. Ìka àti ojú ni ó fi ń dá olùdìbò mọ̀, a sì ń fi í ya àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́; ìtẹ̀ka lórí ìwé ni ìbò. Nígbà tí àwòrán èsì ìbò ààrẹ pẹ́ kí ó tó jáde ní ọdún 2023, ẹni tí ó ti gbọ́ "ẹ̀rọ ìdìbò" lè rò pé ìbò rẹ̀ ni ó há sínú rẹ̀. "Ẹ̀rọ ìdámọ̀ olùdìbò" ni kí á máa pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún jíjá wọ inú kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ. "Ìfọ́lé" kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé ilé tí a fọ́ a máa ní àpá.