Fífọ ìpẹtà àti ásíìdì kúrò lára bátìrì ọkọ̀

Fífọ ìpẹtà àti ásíìdì kúrò lára bátìrì ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí a fi ń mú ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewéko tí ó máa ń hù sí orí bátìrì kúrò, tí a sì fi ń pa agbára ásíìdì tí ó bá ti jò síta. Àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí a ń pè ní ríwáyà ni wọ́n ń ṣe é jù. Ní Igbódìgò àti àwọn ìlú Ìkálẹ̀ mìíràn ní agbègbè Òkìtìpupa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọkọ̀ nìkan. Àwọn ìlú púpọ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná mànàmáná ìjọba, bátìrì sì ti wọ inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù láti máa tan iná. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè wà nítòsí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Ohun tí ó ń mú un hù

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì olójé ní ọdún 1859, ìlànà rẹ̀ náà ni a ṣì ń lò. Bátìrì ọkọ̀ ní ilé mẹ́fà nínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pèsè nǹkan bíi fólítì 2.1, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 12.6 nígbà tí ó bá kún. Àwo òjé pẹlẹbẹ ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, omi tí a po mọ́ ásíìdì sọ́fúríìkì ni ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá ti kún, ásíìdì náà lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo omi yìí.

Bí bátìrì bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ háídrójìn àti ọ́síjìn máa ń hó jáde, wọ́n sì máa ń gbé ásíìdì wẹ́wẹ́ dání bí ìkùukùu. Ojú ìdérí ni ó ń gbà yọ, tàbí ibi tí orí òjé ti gba inú ike jáde. Bí ó bá kan òjé, ó di ìyẹ̀fun funfun. Bí ó bá kan bàbà inú wáyà, ó di aláwọ̀ búlúù tàbí ewéko. Ilẹ̀ igbó òjò ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì jẹ́ kí ohun tí ásíìdì ti ta sí tètè gbẹ.

Ìyẹ̀fun yìí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Sítátà ọkọ̀ lè fa áńpíà 200. Bí ìpẹtà bá fi ìdènà ọ́ọ̀mù 0.01 péré sí ojú ọ̀nà, fólítì 2 ti ṣòfò nínú 12 nìyẹn, ọkọ̀ yóò sì máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìgbéra. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò lọ ra bátìrì tuntun nítorí ohun tí omi àti búrọ́ọ̀ṣì ì bá mú kúrò.

Ohun tí a fi ń pa ásíìdì

Baking soda ni a sábà máa ń dárúkọ fún iṣẹ́ yìí: ṣíbí ìjẹun ńlá kan nínú ife omi kan. Kan-ún ọjà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti agbègbè Adágún Chad wá, jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí a bá gún un tí a sì yọ́ ọ sínú omi. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Omi eérú tí a ń sẹ́ láti inú ìdì ẹyìn tí a ti sun, èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ní agbára yìí pẹ̀lú, nítorí pọ́táṣì inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi eérú kò ní òṣùwọ̀n, ó sì lè bó ọwọ́. Kan-ún ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá.

Nígbà tí omi kan-ún bá kan ásíìdì, yóò máa hó, yóò sì máa ru foomu. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni ó ń jáde; iyọ̀ tí kì í jóni àti omi ni yóò ṣẹ́kù. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń hó, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀.

Kóòkì tí àwọn kan ń dà lé orí bátìrì ń yọ ìpẹtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ásíìdì ni òun fúnra rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Omi gbígbóná nìkan ń ṣan ìyẹ̀fun lọ, ó sì ń ṣan ásíìdì náà sára irin tí ó wà nísàlẹ̀, níbi tí yóò ti máa jẹ ẹ́ láìsí ẹni tí ó rí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ó pa ọkọ̀, a ó yọ kọ́kọ́rọ́, a ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì tí ó bo ojú. Iná àti sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, nítorí háídrójìn lè bú gbàù. Wáyà ìhà − ni a ń kọ́kọ́ tú. Ara irin ọkọ̀ ni wáyà náà so mọ́. Bí a bá kọ́kọ́ tú ìhà + tí sípánà sì kan irin ọkọ̀, iná yóò ta pàrà, sípánà sì lè gbóná débi pé yóò jó ọwọ́. Nígbà tí a bá ń dá wọn padà, ìhà + ni yóò ṣáájú.

Ìdérí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ le pinpin kí a tó da ohunkóhun, nítorí bí omi kan-ún bá wọ inú, yóò pa ásíìdì tí bátìrì fi ń ṣiṣẹ́. A ó fi omi kan-ún rin ìyẹ̀fun náà kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Kò yẹ kí a ha á ní gbígbẹ rárá, kí ó má baà kù sínú imú. A ó dúró kí ìhó rẹ̀ rọlẹ̀, a ó ha orí òjé àti inú irin tí ó dì í mú, a ó tún dà á títí kò fi ní hó mọ́. Lẹ́yìn náà ni omi lásán àti àkísà gbígbẹ. Bí a bá ti dì í padà tán, Vaseline tàbí gírísì díẹ̀ yóò máa lé ọ̀rinrin.

Bí ásíìdì bá ta sí ojú, omi mímọ́ nìkan ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kan-ún kò gbọdọ̀ kan ojú.

Ìyẹ̀fun tí ó bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ohun tí ó ń fà á: bóyá ike bátìrì ti sán, bóyá a ti bu omi kún un jù, tàbí kí alternator máa fún un ní iná ju bí ó ti yẹ lọ. Omi ni ó ń gbẹ kúrò nínú bátìrì, kì í ṣe ásíìdì. Nítorí náà àṣìṣe ni kí a máa bu ásíìdì tuntun sí i dípò omi bátìrì.

Òjé inú ìyẹ̀fun náà

Kan-ún ń pa ásíìdì, kò lè pa òjé, òjé sì wà nínú ìyẹ̀fun funfun náà. Ohun tí òjé inú bátìrì lè ṣe hàn ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń tú bátìrì àlòkù, wọ́n sì ń sẹ́ erùpẹ̀ láti ṣa òjé inú rẹ̀ tà. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀, ìwádìí sì tọ́ka sí májèlé òjé. Ìyẹ̀fun orí bátìrì kan ṣoṣo kò tó ti Thiaroye rárá, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò mọ ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu fún ọmọdé, ọmọdé a sì máa fi ọwọ́ sẹ́nu.

Nítorí náà, ìta gbangba ni a ti ń fọ bátìrì, jìnnà sí kànga àti ibi tí a tẹ́ nǹkan jíjẹ sí. Ike ni a ó gbé sí abẹ́ rẹ̀ láti gba ìdọ̀tí. Àkísà náà yóò wọ inú ọ̀rá tí a dì, a kì í sun ún. A ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, a ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí a tó gbé ọmọ. Ife tí a fi po kan-ún kò tún gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.