Processeur serveur àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká: èwo ló yá jù?

Bí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní pẹ́ gbọ́: "Èyí kì í ṣe ti eré o! Processeur serveur ló wà nínú rẹ̀, Xeon ni. Ó ju gbogbo alágbèéká lọ." Ẹgbẹ́ tó ti ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ fún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé lè gbọ́ èyí, kí wọ́n sì kówó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ku ibì kan. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ kí owó má baà ṣòfò.

Kí ni processeur?

Processeur ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń ṣírò, òun ló sì ń ṣe gbogbo ohun tí a bá ní kí ẹ̀rọ ṣe. Nínú ọpọlọ kan, ẹ lè bá òṣìṣẹ́ méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cœur ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lédè Faransé. Nọ́ńbà GHz tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ ń sọ bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣe yá tó: 1 GHz jẹ́ ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Òun náà ló sì ń tan èèyàn jẹ.

Ọpọlọ méjì, nọ́ńbà kan náà

Lọ́dún 2012, Intel gbé ọpọlọ méjì jáde. Ọ̀kan ni Xeon E5-2670, ti serveur. Ìkejì ni Core i5-3320M, ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn méjèèjì ń sáré ní 2,6 GHz, wọ́n sì lè gùn ún dé 3,3 GHz. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà yìí nìkan, ẹ ó ní ìbejì ni wọ́n. Ẹ wá wo ìyókù:

- Òṣìṣẹ́: Xeon ní 8, i5 ní 2.
- Mémoire cache, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́: 20 Mo fún Xeon, 3 Mo fún i5.
- Mémoire vive tó lè gbà: 384 Go fún Xeon, 32 Go fún i5.
- Agbára nígbà iṣẹ́ líle: 115 wáàtì fún Xeon, 35 wáàtì fún i5.

Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ bá mú òṣìṣẹ́ kan nínú Xeon àti òṣìṣẹ́ kan nínú i5, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iye wọn ni Xeon fi jù ú lọ, pẹ̀lú ẹrù tó lè rù.

Zém àti kamiyọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé kan ránṣẹ́ láti Kétu sí Pọ́bẹ̀, zém ni ẹ ó pè. Kamiyọ̀ ò ní fi ìwé yẹn débẹ̀ ṣáájú zém. Àmọ́ bó bá jẹ́ igba àpò àgbàdo, ta ni yóò pe zém? Kamiyọ̀ ni serveur. Nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sọ́mọ yín lórí fóònù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan náà, serveur ló sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, nínú yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú tutù. Ọ̀pọ̀ serveur tún ní mémoire tó máa ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, kí nọ́ńbà kan má baà yí padà nínú ìṣirò owó.

Alágbèéká tiẹ̀ kéré, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí iṣẹ́ líle bá pẹ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á sì dín eré kù kó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tó fi lè yá ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kó sì wá máa falẹ̀.

Odó kan ò gba ọmọ odó mẹ́wàá

Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí dáadáa. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lè jọ gún iyán nínú odó kan. Bí ẹ bá pe mẹ́wàá, wọn ò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kàn máa dúró de ara wọn ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan gba ìṣẹ́jú 10 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ìṣẹ́jú 8 ṣeé pín, 2 ò ṣeé pín. Òṣìṣẹ́ 8 á parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3. Àmọ́ ká tilẹ̀ pe ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, kò lè dín sí ìṣẹ́jú 2 láéláé.

Títẹ lẹ́tà, kíka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣíṣe ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́: iṣẹ́ odó kan nìwọ̀nyí. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fídíò ni ẹ ń ṣe, tàbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ púpọ̀ máa ń wúlò.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí o. GHz àná kì í ṣe GHz òní, torí òṣìṣẹ́ tuntun ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i nínú ìgbésẹ̀ kan. Core i5-1135G7 ti alágbèéká, tó jáde lọ́dún 2020, ní òṣìṣẹ́ 4 péré, àmọ́ ó lè dé 4,2 GHz. Bí a bá fi òṣìṣẹ́ kan wé òṣìṣẹ́ kan, ó fi Xeon ọdún 2012 yẹn sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa.

Iná ńkọ́?

Ibi tó ń dunni nìyí. Ká ní oòrùn lẹ fi ń gba iná, batírì yín sì jẹ́ 12 vólù, 100 Ah. Ìyẹn jẹ́ 1 200 wáàtì-wákàtí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí batírì tètè bàjẹ́, ìdajì ni ẹ ó lò, ìyẹn 600. Lábẹ́ iṣẹ́ líle, Xeon tó ń jẹ 115 wáàtì á jẹ ẹ́ tán ní bíi wákàtí 5. Ti i5 tó ń jẹ 35 á lò ó fún bíi wákàtí 17. A ò tíì ka ojú ẹ̀rọ, fáánù àti ìyókù mọ́ ọn. Alágbèéká tún ní batírì tirẹ̀: bí iná bá lọ, iṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ò ní sọnù.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni nọ́ńbà processeur yìí gan-an? Ọdún wo ló jáde? Cœur mélòó ló ní? Wáàtì mélòó ló ń jẹ? "Xeon ni" nìkan ò tó ìdáhùn. Kí ẹ̀yin náà sì bi ara yín: ìwé kan la fẹ́ gbé ni, àbí igba àpò àgbàdo?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sétí àwọn tí kò lè kà á.